Ògùn Kan, Ìṣirò Mẹ́ta: Báwo La Ṣe Ń Mọ Ibi Tí Ayé Ti Rọrùn?

Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, ibùdókọ̀ Mowe tó wà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti máa ń kún fún èrò. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Iná ọkọ̀ àti fìtílà àwọn alákàrà nìkan ló ń tàn. Àwọn obìnrin á gbé àpò há abíyá, sálúbàtà ni wọ́n á wọ̀ sẹ́sẹ̀, bàtà tí wọ́n fẹ́ wọ̀ níbi iṣẹ́ á wà nínú ọ̀rá. Àwọn ọkùnrin kan á ti de táì láti ilé, àwọn mìíràn á ká tiwọn sápò. Bí agbèrò bá ti pariwo "Berger! Ọ̀jọ̀tá! Ọbáléńdé!", gbogbo wọn á rọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n sùn, Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Nígbà tí àwọn oníṣirò bá wá jókòó láti sọ bí ayé ṣe rọrùn tó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìpínlẹ̀ wo ni wọn yóò ka àwọn èrò yìí mọ́?

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni ìjọba àti àwọn àjọ olùrànlọ́wọ́ máa ń gbé ìpinnu lé: ibi tí ilé ìwòsàn tuntun yóò wà, ìpínlẹ̀ tí owó ìrànwọ́ yóò kọ́kọ́ dé, agbègbè tí wọn yóò sọ pé kò nílò nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí ará ìlú mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó mọ ohun tí òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń rí, kó sì mọ ohun tí ojú rẹ̀ kò tó.

Èyí tí ariwo rẹ̀ máa ń pọ̀ jù ni àtòjọ àwọn ìlú tó dára láti gbé, tí ilé iṣẹ́ Economist Intelligence Unit ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbé jáde lọ́dọọdún. Ìlú 173 ló wà nínú ti ọdún 2025. Copenhagen, olú ìlú Denmark, ló gba ipò kìíní, Damascus ní Síríà ló gbẹ̀yìn, Èkó sì wà lára mẹ́wàá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, bó ṣe ti ń rí láti ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àtòjọ náà bá ti jáde, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò. Àwọn kan á ní òyìnbó kórìíra wa ni, àwọn mìíràn á ní kí ẹni tó bá ń jiyàn lọ dúró sí Ọ̀ṣòdì ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìwọ̀nba èèyàn ló máa ń béèrè pé ta gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń rán òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè mọ iye àfikún tó yẹ kí wọ́n san fún ẹni tí wọ́n bá rán lọ síbi tí ayé ti le. Ohun márùn-ún ni wọ́n ń wò. Ààbò àti ìdúróṣinṣin ìlú ló kó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, àṣà àti àyíká kó 25, ìtọ́jú ìlera kó 20, ohun amáyédẹrùn bí ọ̀nà, omi àti iná kó 20, ẹ̀kọ́ sì kó 10. Lára ohun tí wọ́n ń wò lábẹ́ àṣà àti àyíká ni bí ojú ọjọ́ ìlú náà ṣe ń ni àwọn arìnrìn-àjò lára sí. Ẹni tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó kò ka ooru Èkó sí ìyà, ṣùgbọ́n ó ń já máàkì lára ìlú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ilé àti owó oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀ rárá. N kò sọ pé irọ́ ni àtòjọ náà. Àìsí ààbò tí wọ́n kọ síbẹ̀, òótọ́ ni. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ, òótọ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé òṣùwọ̀n àlejò ni, àwọn àgbà sì ti sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Òṣùwọ̀n kejì wá láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ọdún 1990, Mahbub ul Haq, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ Pakistan, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Amartya Sen ọmọ Íńdíà, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HDI. Ìjà wọn ni pé owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè kò tó láti fi mọ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń gbé. Wọ́n wá mú nǹkan mẹ́ta: bí ẹ̀mí èèyàn ṣe ń gùn tó, iye ọdún tí wọ́n ń lò nílé ìwé, àti owó tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò ṣàjèjì sí wa. Ire owó, ire ọmọ, ire àìkú tó jẹ́ parí ìwà ni àwọn baba wa máa ń tọrọ, wọ́n sì mọ̀ pé bí owó bá wà tí ọmọ ń kú, kò tíì sí nǹkan kan. Orílẹ̀-èdè lódindi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi HDI wọ̀n, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Radboud, ní ìlú Nijmegen lórílẹ̀-èdè Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún ìpínlẹ̀ àti ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ ìlọsíwájú ńlá, nítorí pé Nàìjíríà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo júwe jẹ́ Nàìjíríà tí ẹnikẹ́ni kò gbé inú rẹ̀ rí.

Ìpínlẹ̀ náà ṣì tóbi jù. Ìkòyí àti Mákòkó, Ìpínlẹ̀ Èkó kan náà ni, ẹni tó bá wà lórí afárá Third Mainland sì ń rí òrùlé Mákòkó lórí omi. Bí a bá ro àwọn méjèèjì pọ̀ tí a pín in dọ́gba, ohun tí yóò jáde kò ní bá ti ìkankan wọn mu. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ń gbé níbi tí wọ́n ti yanjú apá yìí dáadáa. Ní ọdún 2019, ìjọba England gé orílẹ̀-èdè náà sí agbègbè kéékèèké 32,844, tí èèyàn bí 1,500 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá wo ọ̀nà méje tí nǹkan fi lè ṣaláìtó níbẹ̀: owó tó ń wọlé, iṣẹ́, ẹ̀kọ́, ìlera, ìwà ọ̀daràn, ilé gbígbé àti àyíká. Agbègbè tó ní àìní jù lọ ni Jaywick, létí òkun, ní tòsí ìlú Clacton. Bó bá jẹ́ odindi ẹkùn ìlà-oòrùn England ni wọ́n fi nọ́ńbà kan wọ̀n, Jaywick ì bá ti sọnù sáàárín àwọn ìlú olówó tó yí i ká.

Ọ̀dọ̀ wa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti wá di kókó. Ní Nàìjíríà, Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè, NBS, ti fi ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọn òṣì láàárín ọdún díẹ̀ síra wọn. Ti àkọ́kọ́, tó jáde lórí ọdún 2019, owó ló wò. Wọ́n fa ìlà kan sílẹ̀: ẹni tí ohun tó ń ná lọ́dún kò bá tó 137,430 náírà, tálákà ni. Lórí ìlà yìí, ìdá 40.1 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló jẹ́ tálákà. Sókótó ló burú jù, pẹ̀lú ìdá 87.73, Èkó ló kéré jù, pẹ̀lú ìdá 4.5. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ìdá 9.32, ìyẹn ni pé kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá.

Ìṣirò kejì jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ sí ilé tó lé ní 56,000 káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀nà tí wọ́n lò ni èyí tí Sabina Alkire àti James Foster dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Oxford. Wọn kì í béèrè iye tó wà lápò ẹ. Ohun tí o ṣaláìní ni wọ́n ń kà. Ṣé oúnjẹ ń tó nínú ilé? Ṣé ọmọ tó yẹ kó wà nílé ìwé wà níbẹ̀? Báwo ni ilé ìwòsàn ṣe jìnnà tó? Níbo lẹ ti ń pọnmi, ṣé omi náà sì máa ń wà? Irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo lẹ ní? Kí lẹ fi mọ ilé? Kí lẹ fi ń dáná? Ṣé iṣẹ́ wà? Ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lábẹ́ orí mẹ́rin: ìlera, ẹ̀kọ́, ìgbé ayé inú ilé, iṣẹ́ àti ààbò. Bí ohun tí èèyàn ṣaláìní bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo rẹ̀ lọ, wọ́n á kà á mọ́ tálákà. Ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn mílíọ̀nù 133 èèyàn, ló bọ́ sábẹ́ ìlà yìí. Mílíọ̀nù 86 nínú wọn wà ní Àríwá. Ní ìgbèríko, ìdá 72 ni. Nínú ìlú ńlá, ìdá 42. Oǹdó ló kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí, pẹ̀lú ìdá 27. Sókótó tún ló pọ̀ jù, pẹ̀lú ìdá 91.

Kí wá ni ti Ògùn? Ìdá 68.1. Ìpínlẹ̀ tí kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá tó jẹ́ tálákà lójú owó, ó di ìpínlẹ̀ tí ó lé ní èèyàn mẹ́fà nínú mẹ́wàá tó ń ṣaláìní. Òun ló ga jù ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ó sì fi ohun tó lé ní ìlọ́po méjì ju Èkó tó múlé gbè é, tí tirẹ̀ kò pé ìdá 30. Kó tó dìgbà yẹn, ìwádìí lórí ìlera tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 ti fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Ògùn, 30 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, èyí tó kéré jù lọ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní Kebbi, 252 ni. Ní Nàìjíríà lápapọ̀, 132 ni. Ẹni tó bá ń wo ikú ọmọdé nìkan yóò sọ pé kí aboyún kó lọ sí Ògùn. Ẹni tó bá ń wo owó yóò ní kò sí ìṣòro. Ẹni tó bá sì wo omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ohun ìdáná yóò pariwo.

Ó rọrùn láti sọ pé ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìwádìí wọ̀nyí kò wáyé lọ́dún kan náà, àrùn Kòrónà sì kọjá láàárín wọn, àwọn ilé tí wọ́n wọ̀ kò sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìdí tó jinlẹ̀ jù, lójú tèmi, ni pé owó àti ìrọ̀rùn kì í rìn pọ̀ nígbà gbogbo, pàápàá níbi tí ìlú ti ń yára gbòòrò ju bí ìjọba ṣe ń gbé omi àti ọ̀nà tẹ̀ lé e lọ. Ẹni tó ń gba owó oṣù Èkó lè máa gbé àdúgbò tí kò sí ẹ̀rọ omi ìjọba, tí ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, tí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù sì jìnnà ní ìrìn ọ̀kadà méjì. Owó rẹ̀ gbé e kọjá ìlà 137,430. Owó náà kò lè fa páìpù omi wọ àdúgbò. Bayelsa fi irú rẹ̀ hàn lọ́nà tó tún burú jù: ìpínlẹ̀ tí epo rọ̀bì ti ń jáde, ìdá 88.5 nínú àwọn ará ibẹ̀ ló ń ṣaláìní.

Mo wà nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Ìbàfò lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bi í ní irú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, káàdì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, wọn kò tíì rẹ́ ẹ lára níta, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ńlá wà nínú pálọ̀.

"Ẹ kú ilé o, mà. Kí lẹ fi ń dáná?"

"Gáàsì ni, ọmọ mi."

Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Ṣùgbọ́n ó ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá o. Èédú ni mo fi se ọbẹ̀ tí ẹ ń gbóòórùn rẹ̀ yẹn."

Ọmọ náà dá ọwọ́ dúró. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń fẹ́. Ó bi í pé èwo ló ń lò jù nínú oṣù, ẹ̀gbọ́n mi rò ó, ó ní ó sinmi lórí oṣù. Nígbà tó kan omi, ó ní omi wà. Omi wà lóòótọ́: aládùúgbò kan ló gbẹ́ ẹ̀rọ omi sílé, tó ń ta á ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, ọjọ́ tí kò bá sì sí iná tí epo jẹnẹrétọ̀ onítọ̀hún tún tán, kò sí omi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Ó mọ́, ó ní omi, ṣùgbọ́n ìdílé mẹ́ta ló jọ ń lò ó. Lójú òṣùwọ̀n, èyí tí ìdílé púpọ̀ jọ ń lò kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ìdílé kan dá ní, bó ti wù kó mọ́ tó.

Mo sọ èyí kí ẹ lè rí i pé nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé ìṣirò, ẹnu ọ̀nà báyìí ló ti wá, ìpinnu kékeré kan tí ẹnì kan ṣe ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ̀, wọ́n sì ti ń tún un ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF kò kàn ń béèrè mọ́ bóyá omi wà. Bí omi náà bá mọ́ ṣùgbọ́n tí àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ìtò lórí ìlà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ sí ipò tó rẹlẹ̀. Lórí iná mànàmáná pẹ̀lú, ó ti hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò tó. Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ apíná ti pín oníbàárà sí ọ̀wọ́ márùn-ún, láti A dé E. Àwọn tó wà ní ọ̀wọ́ A ni wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, tí wọ́n sì gbé owó wọn sókè sí 225 náírà fún ìwọ̀n iná kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ilé méjì lè wà lójú pópó kan náà, kí wáyà wọ àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan máa lo ẹ̀rọ amúlétutù, kí èkejì sì máa fi abẹ́bẹ́ fẹ́ ara rẹ̀. Bí ìwádìí bá kàn béèrè pé ṣé iná wọlé yín, bákan náà ni wọn yóò ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ iye owó ọjà tún wà ńlẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ mọ ìpínlẹ̀ tí ọjà ti gbówó lórí jù, lóṣooṣù ni àwọn ìwé ìròyìn sì máa ń to àwọn ìpínlẹ̀ tẹ̀ léra láti inú ìròyìn NBS lórí ọ̀wọ́n gógó. Ṣùgbọ́n NBS fúnra rẹ̀ kọ ìkìlọ̀ sínú ìròyìn náà pé kò yẹ láti máa fi ti ìpínlẹ̀ kan wé ti òmíràn, nítorí pé ohun tí wọ́n ń jẹ àti ohun tí wọ́n ń ná owó lé lórí níbi kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn. Ní àfikún, bí ọjà ṣe ń yára wọ́n sí i ni ìṣirò yẹn ń sọ, kì í ṣe bó ṣe wọ́n tó. Ìpínlẹ̀ tí ọjà rẹ̀ ti wọ́n tipẹ́ lè ní nọ́ńbà tó kéré lóṣù yìí, kí tòmátò ibẹ̀ ṣì fi ìlọ́po méjì ju ti ibòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí owó oṣù kan náà fi lè jẹ́ oúnjẹ níbi kan kó sì jẹ́ ìyà níbòmíràn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ògùn ní àwọn yóò san 77,000, Èkó ní 85,000. Kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ bóyá 8,000 tí Èkó fi ju Ògùn lọ tó láti dí àlàfo tó wà láàárín owó ilé ní Èkó àti owó ilé ní Abẹ́òkúta, nítorí pé a kò ní òṣùwọ̀n tó ń fi iye owó gbígbé ní ìlú kan wé ti èkejì bó ṣe yẹ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Sherwin Rosen ní ọdún 1979 àti Jennifer Roback ní ọdún 1982, gba ọ̀nà mìíràn wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí a wo owó ilé àti owó oṣù pọ̀. Bí owó ilé ìlú kan bá ga gan-an, tí owó oṣù ibẹ̀ kò bá a dọ́gba, tí èrò sì ṣì ń wọ́ lọ síbẹ̀, á jẹ́ pé ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ń tà á lọ́jà: atẹ́gùn tó dára, ààbò, ilé ìwé tó péye. Bí owó oṣù bá sì ga ṣùgbọ́n tí èèyàn ò fẹ́ lọ, owó ìyà ni owó náà. Ọgbọ́n tó mọ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó dá lé e pé èèyàn lè kó ẹrù rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Níhìn-ín, ẹni tó bá fẹ́ kó ilé yóò wá owó ilé ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú owó ajẹ́ńtì àti owó àdéhùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn wà níbi tí wọ́n wà nítorí pé owó àtikúrò níbẹ̀ kò sí. Ẹni tó sì ń gbé ilé ẹbí ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, kì í san owó ilé kankan. Kí ni onímọ̀ yóò fi wọn tirẹ̀?

Síbẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n gbé dìde ṣe pàtàkì: ṣé owó tó pọ̀ nínú ìlú ńlá kàn ń dípò ìyà tó wà níbẹ̀ ni? Douglas Gollin, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ogún orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n lè wọ̀n ló dára sí i bí èrò bá ṣe pọ̀ sí i níbì kan. Ẹni tó bá ń rò pé ìgbádùn ló kún oko, kó tún ìdá 72 ìgbèríko àti ìdá 42 ìlú ńlá tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn wò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí iye èèyàn, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yìí ti ń mì. Iye dókítà fún ẹgbẹ̀rún èèyàn, iye owó tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdá àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé: kò sí èyí tí a lè mọ̀ láìmọ iye èèyàn tó wà nílẹ̀. Ọdún 2006 ni wọ́n ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Wọ́n ní Kano jẹ́ 9,401,288, Èkó jẹ́ 9,113,605. Ìjọba Èkó kò gbà. Wọ́n ní ìkànìyàn tí àwọn ṣe fúnra àwọn fi hàn pé àwọn lé ní mílíọ̀nù 17. Bí a bá fi 9 pín iye ibùsùn tó wà ní ilé ìwòsàn Èkó, ìlú náà ń gbìyànjú. Bí a bá fi 17 pín in, ohun tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ìkànìyàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n kà wá kẹ́yìn ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò.

Ààlà ló wá so ọ̀rọ̀ náà mọ́ èrò ibùdókọ̀ Mowe. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ìṣirò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ọ̀nà kan láti mọ ohun tí ń jẹ́ ìlú ńlá láìwo ààlà ìjọba rárá: wọ́n á pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin kéékèèké, kìlómítà kan ní òró, kìlómítà kan ní ìbú, ibi tí èèyàn 1,500 ó kéré tán bá wà nínú igun kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so mọ́ra, tí àpapọ̀ wọn sì pé 50,000, ìlú ńlá kan ni. Bí ẹ bá fi ojú yìí wo Èkó, ilé kò dá dúró ní Berger. Ó ń lọ sí Òtà, ó ń lọ sí Ìfọ̀, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ kọjá Arepo dé Ìbàfò àti Mowe. Ọkọ̀ ojú irin tí Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Àgbádó tó wà ní bèbè ààlà Ògùn ló ti ń gbéra lọ sí Ọ̀yìngbò. Àwọn tó kọ́ ọ mọ ibi tí èrò wọn ń sùn. Àwọn ìwé ìṣirò ni kò tíì mọ̀ ọ́n: owó tí ẹ̀gbọ́n mi ń pa, Èkó ló wà nínú ìṣirò ọrọ̀ ajé, ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Ògùn ló wà. Èkó dára sí i lórí ìwé, Ògùn burú sí i, obìnrin kan náà ni.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú bi àwọn èèyàn fúnra wọn. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní kí o ro àkàbà kan, òdo ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, mẹ́wàá ni òkè. Orí àtẹ̀gùn wo lo wà nínú ayé rẹ báyìí? Mo fẹ́ràn ìbéèrè náà nítorí ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń bi. Ṣùgbọ́n Sen ti kìlọ̀ tipẹ́ pé ẹni tí ìyà ti mọ́ lára lè sọ pé ó dára fún òun. Nínú àṣà tiwa pàápàá, ta ni wọn yóò bi pé báwo ni, tí kò ní sọ pé a dúpẹ́? Nítorí náà ni mo fi rò pé ó yẹ ká gbé méjèèjì kalẹ̀, ká ka ohun tó wà nílé, ká sì gbọ́ ohun tí onílé sọ. Bí nọ́ńbà kan bá sì ti jáde lórí ìpínlẹ̀ wa, kí a kọ́kọ́ béèrè ẹni tí wọ́n bi, ohun tí wọ́n kà, àti ibi tí wọ́n fa ààlà sí.

Ìbéèrè náà gba nǹkan bí wákàtí kan ní Ìbàfò. Ẹ̀gbọ́n mi fún ọmọ náà ní omi tútù, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ láìṣàárẹ̀. Nígbà tó ń pa tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé, ẹ̀gbọ́n mi bi í pé, "Ẹ ò béèrè aago tí mo máa ń jí?" Ọmọ náà tún ẹ̀rọ náà ṣí, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Kò sí níbẹ̀, mà." Ẹ̀gbọ́n mi ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ni, pé kó ṣáà bá òun kọ ọ́ síbì kan. Ó wá bírò nínú àpò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kékeré kan tó mú dání.